Bí A Ṣe Ń Mọ Ìgbékalẹ̀ Kírísítálì Háídíráìdì Àwọn Mẹ́táàlì Ilẹ̀-Ṣọ̀wọ́n

Nígbà tí háídírójìn bá wọ inú mẹ́táàlì ilẹ̀-ṣọ̀wọ́n, kì í kàn wá ibì kan jókòó sí. Ó sábà máa ń tú ìtò àwọn átọ́ọ̀mù mẹ́táàlì náà ká, á sì mú kí wọ́n tún ara wọn tò lọ́nà mìíràn. Ìṣòro ẹni tó fẹ́ ṣàpèjúwe ìtò tuntun yìí ni pé ẹ̀ksíreè, irinṣẹ́ tó wọ́pọ̀ jù lọ fún irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀, ń rí mẹ́táàlì kedere ṣùgbọ́n kò fẹ́rẹ̀ẹ́ rí háídírójìn rárá, nítorí pé ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù ló ń tú ẹ̀ksíreè ká, átọ́ọ̀mù lanthanum sì ní ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù 57 nígbà tí háídírójìn ní ẹyọ kan péré. Ìtọ́sọ́nà yìí wà fún akẹ́kọ̀ọ́ tàbí onímọ̀ tó ní irú àdàpọ̀ mẹ́táàlì àti háídírójìn bẹ́ẹ̀, ìyẹn háídíráìdì, lọ́wọ́, tó sì fẹ́ sọ ìgbékalẹ̀ rẹ̀ láìméfò. Ohun kan ni mo fẹ́ kí ẹ dì mú láti ìbẹ̀rẹ̀: a kì í dárúkọ ìgbékalẹ̀ háídíráìdì kí a tó ka iye háídírójìn inú rẹ̀, kí a sì tó mọ àlàfo tí ó jókòó sí.

Nínú gbogbo ohun tó tẹ̀ lé e, lẹ́tà R dúró fún mẹ́táàlì ilẹ̀-ṣọ̀wọ́n èyíkéyìí. RH₂ ni háídíráìdì tó ní háídírójìn méjì fún mẹ́táàlì kan, RH₃ sì ni èyí tó ní mẹ́ta. «Sẹ́ẹ̀lì ìpìlẹ̀» ni àpótí tó kéré jù lọ tí kírísítálì ń tún tò léraléra, lẹ́tà a, b àti c sì ni gígùn ìhà rẹ̀.

Ìgbésẹ̀ kìn-ín-ní: Ẹ mọ ìdílé tí mẹ́táàlì yín wà

Mẹ́táàlì ilẹ̀-ṣọ̀wọ́n mẹ́tàdínlógún ló wà: scandium, yttrium, àti mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tó bẹ̀rẹ̀ láti orí lanthanum dé orí lutetium. A ó fi promethium sílẹ̀ nítorí ìtànṣán olóró tó ń tú jáde. Kí háídírójìn tó dé, ìtò àwọn mẹ́rìndínlógún tó kù kò bára mu. Scandium, yttrium, àti gbogbo àwọn tó wà láti gadolinium dé lutetium, àfi ytterbium, ń to ìpele átọ́ọ̀mù wọn léra ní ABAB (lẹ́tà kọ̀ọ̀kan dúró fún ibi tí ìpele kan wà sí), tí sẹ́ẹ̀lì wọn fi jẹ́ onígun mẹ́fà. Lanthanum, praseodymium àti neodymium ń tò ní ABAC. Ìtò ti samarium gùn dé ìpele mẹ́sàn-án kó tó padà síbi tó ti bẹ̀rẹ̀. Cerium àti ytterbium jẹ́ kúbù tó ní átọ́ọ̀mù ní àárín ojú kọ̀ọ̀kan, ìyẹn ìtò ABCABC, europium nìkan ló sì jẹ́ kúbù tó ní átọ́ọ̀mù láàárín gbùngbùn rẹ̀.

Háídírójìn pa ọ̀pọ̀ nínú ìyàtọ̀ yìí rẹ́. Yàtọ̀ sí europium àti ytterbium, gbogbo wọn ló ń di kúbù ABCABC bí wọ́n bá ti dé RH₂, wọ́n sì ń gba ìgbékalẹ̀ fluorite, ìyẹn ti CaF₂, tí àmì ìbáradọ́gba rẹ̀ ń jẹ́ Fm-3m. Lẹ́yìn RH₂ ni ọ̀nà wọn pín.

Ìdílé àkọ́kọ́ ni lanthanum, cerium, praseodymium àti neodymium. Kúbù ni wọ́n ní RH₂, kúbù náà ni wọ́n sì jẹ́ bí háídírójìn ti ń pọ̀ sí i títí dé RH₃, láìsí pé ìtò mẹ́táàlì wọn tún yí padà.

Ìdílé kejì ló pọ̀ jù: yttrium, samarium, gadolinium, terbium, dysprosium, holmium, erbium, thulium àti lutetium. Kúbù ni RH₂ ti àwọn yìí, ṣùgbọ́n kúbù náà kò lè gba háídírójìn púpọ̀ kọjá méjì kó tó di pé ìgbékalẹ̀ onígun mẹ́fà fún RH₃ bẹ̀rẹ̀ sí yọjú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Èyí túmọ̀ sí pé bí ẹ bá ní YH₂.₅ lọ́wọ́, kì í ṣe ohun kan ṣoṣo ni ẹ ní, bí kò ṣe àdàlù kúbù àti onígun mẹ́fà, nígbà tó jẹ́ pé LaH₂.₅ lè jẹ́ kúbù kan ṣoṣo ní ìwọ̀n ooru inú ilé. Ẹni tí kò bá mọ ìdílé tí mẹ́táàlì rẹ̀ wà yóò gbìyànjú láti fi kúbù kan ṣàlàyé àdàlù, tàbí kó máa wá àdàlù níbi tí kò sí.

Ìdílé kẹta ni europium àti ytterbium. Nínú EuH₂ àti YbH₂, ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù méjì ni mẹ́táàlì kọ̀ọ̀kan yọ̀ǹda dípò mẹ́ta, nítorí pé ìpele 4f wọn, ọ̀kan lára ibi tí ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù wọn ń gbé, fara balẹ̀ jù lọ nígbà tí ó bá jẹ́ ìlàjì, ìyẹn 7 fún europium, tàbí tí ó bá kún, ìyẹn 14 fún ytterbium. Wọ́n wá ń hùwà bí calcium, strontium àti barium: sẹ́ẹ̀lì wọn jẹ́ àpótí tí gbogbo igun rẹ̀ jẹ́ 90° ṣùgbọ́n tí ìhà rẹ̀ mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kò dọ́gba, àmì rẹ̀ sì ni Pnma, bíi ti PbCl₂. Ìhà EuH₂ jẹ́ nǹkan bí 6.25, 3.81 àti 7.21 Å (Å kan, ìyẹn angstrom, jẹ́ ìdá kan nínú bílíọ̀nù mẹ́wàá mítà). Ti YbH₂ jẹ́ nǹkan bí 5.90, 3.58 àti 6.79 Å. Bí a bá fi ipá ìfúnpá háídírójìn ti ytterbium, ó lè kọjá méjì kó sì di kúbù, ṣùgbọ́n èyí kì í ṣẹlẹ̀ fúnra rẹ̀ lórí tábìlì.

Scandium dá dúró: ó ń di ScH₂ oníkúbù dáadáa, àmọ́ kò dé ScH₃ láìsí ìfúnpá gíga.

Ìgbésẹ̀ kejì: Ẹ mọ àwọn àlàfo tó wà nílẹ̀

Nínú kúbù ABCABC, irú àlàfo méjì ló wà láàárín àwọn átọ́ọ̀mù mẹ́táàlì. Àlàfo aládùúgbò mẹ́rin ni èyí tí átọ́ọ̀mù mẹ́táàlì mẹ́rin yí ká. Méjì irú rẹ̀ ló wà fún mẹ́táàlì kan. Àlàfo aládùúgbò mẹ́fà ni èyí tí mẹ́fà yí ká. Ẹyọ kan ló wà fún mẹ́táàlì kan. Bí háídírójìn bá kún gbogbo àlàfo aládùúgbò mẹ́rin, RH₂ ni a ní. Bí ó bá tún kún àwọn aládùúgbò mẹ́fà, RH₃ oníkúbù ni, ìgbékalẹ̀ tí à ń pè ní ti BiF₃. Ìṣirò ìgbékalẹ̀ méjèèjì kò ju ìyẹn lọ.

Ní ti jíjìnnà, ẹ ṣírò ó láti ara a. Láti mẹ́táàlì dé háídírójìn inú àlàfo aládùúgbò mẹ́rin jẹ́ a√3/4, ti aládùúgbò mẹ́fà sì jẹ́ a/2. Fún LaH₂, tí a rẹ̀ jẹ́ 5.67 Å, èyí fún wa ní nǹkan bí 2.45 Å àti 2.83 Å, fún YH₂, tí a rẹ̀ jẹ́ 5.21 Å, ó jẹ́ 2.26 Å àti 2.60 Å. Ẹ kíyè sí i pé yttrium ti há jù: bí mẹ́táàlì ti ń kéré sí i láti lanthanum lọ sí lutetium ni àwọn àlàfo ń sún mọ́ra, àwọn háídírójìn inú wọn sì ń ti ara wọn. Ìhámọ́ yìí ni ìdí pàtàkì tí ìdílé kejì fi ń sá kúrò nínú kúbù kí ó tó dé RH₃.

Nínú RH₃ onígun mẹ́fà, ohun tí háídírójìn ń ṣe kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ní 1964, Mansmann àti Wallace fi níútírọ́ọ̀nù yẹ HoD₃ wò (D dúró fún deuterium, irú háídírójìn tó wúwo jù), wọ́n sì rí i pé sẹ́ẹ̀lì rẹ̀ tóbi ju ti ABAB lásán lọ: ìhà a rẹ̀ jẹ́ √3 ìlọ́po ti tẹ́lẹ̀, mẹ́táàlì mẹ́fà àti deuterium méjìdínlógún ló sì wà nínú rẹ̀, àmì rẹ̀ ni P-3c1. Méjìlá nínú àwọn deuterium náà wà nínú àlàfo aládùúgbò mẹ́rin, wọ́n sì yẹ̀ díẹ̀ kúrò ní àárín gbùngbùn. Mẹ́fà tó kù, tí à bá retí nínú àlàfo aládùúgbò mẹ́fà, ti sún lọ sí tòsí ìpele mẹ́táàlì fúnra rẹ̀, títí tó fi jẹ́ pé mẹ́táàlì mẹ́ta ni ó sún mọ́ wọn jù. Méjì nínú wọn wà lórí ìpele náà gan-an, mẹ́rin wà lókè tàbí nísàlẹ̀ rẹ̀ díẹ̀. Ẹ fi ìṣirò 12 + 4 + 2 yìí sọ́kàn, torí ẹ ó nílò rẹ̀ ní ìgbésẹ̀ keje.

Ìgbésẹ̀ kẹta: Ẹ ṣe háídíráìdì tó mọ́

Ẹ ṣọ́ra fún àkọlé tó wà lára ìgò mẹ́táàlì. Nígbà tí olùtajà bá kọ ọ́ pé mẹ́táàlì náà mọ́ dé 99.9%, ó sábà máa ń jẹ́ pé àwọn mẹ́táàlì ilẹ̀-ṣọ̀wọ́n yòókù nìkan ló kà. Ọ́ksíjìn, nitrogen, carbon àti háídírójìn tó ti wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀ kò sí nínú ìṣirò. Àwọn átọ́ọ̀mù kéékèèké wọ̀nyí gan-an ló sì ń bá háídírójìn du àlàfo. Bí owó bá wà, ẹ ra mẹ́táàlì tí wọ́n ti sọ iye ọ́ksíjìn inú rẹ̀.

Ẹ fi fáìlì ha ojú mẹ́táàlì náà títí yóò fi tàn, nínú àpótí oníbọ̀wọ́ tó kún fún argon. Ẹ wọ̀n ọ́n, ẹ gbé e sínú àwo tí kò ní bá a dà pọ̀, bíi tungsten tàbí molybdenum, kí ẹ sì fa afẹ́fẹ́ inú ẹ̀rọ jáde pátápátá. Ẹ gbé ooru rẹ̀ sókè díẹ̀díẹ̀ kí ẹ tó jẹ́ kí háídírójìn wọlé. Láàárín 300 sí 500 °C ni ọ̀pọ̀ wọn ti ń gbà á kánkán, bó tilẹ̀ jẹ́ pé cerium àti lanthanum tí ojú wọn mọ́ lè bẹ̀rẹ̀ láìsí ooru púpọ̀. Ẹ má ṣe da háídírójìn lé e lẹ́ẹ̀kan náà: ìdàpọ̀ yìí ń mú ooru gidi jáde, bí ó bá sì sáré jù, apá kan yóò ti di RH₃ nígbà tí apá kejì kò tíì dé RH₂. Lẹ́yìn tí ó bá ti gbà tán, ẹ jẹ́ kó tutù díẹ̀díẹ̀ lábẹ́ háídírójìn.

Bí ó bá jẹ́ RH₂ ni ẹ fẹ́, ọ̀nà tó dára ni kí ẹ kọ́kọ́ kọjá méjì, kí ẹ wá fa àjẹṣẹ́kù jáde nínú òfìfo ní nǹkan bí 300 sí 400 °C. Háídírójìn kẹta kò di mẹ́táàlì mú ṣinṣin, ó ń jáde níbẹ̀. Méjì àkọ́kọ́ kì í jáde títí ooru yóò fi pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ dáadáa. Nítorí ìdí kan náà, ẹ má ṣe fi iná dí ẹnu ọpọ́n tó ní RH₃ láìjẹ́ pé ibi tí háídíráìdì náà wà tutù, kí ìfúnpá má bàa fọ́ ọpọ́n náà mọ́ yín lójú.

Mẹ́táàlì náà yóò ti fọ́ sí wẹ́wẹ́ nítorí wíwú. Yttrium ń wú ní nǹkan bí 7% láti mẹ́táàlì dé YH₂, á tún fi nǹkan bí 10% wú sí i kó tó dé YH₃; lanthanum ń wú ju 20% lọ kó tó dé LaH₂. Lẹ́búlẹ́bú tó tinrin láti inú ìdílé àkọ́kọ́ lè gbiná fúnra rẹ̀ nínú afẹ́fẹ́, ọ̀rinrin sì ń bà á jẹ́. Láti ìgbésẹ̀ yìí lọ, inú argon ni gbogbo iṣẹ́ ti gbọ́dọ̀ wáyé.

Ìgbésẹ̀ kẹrin: Ẹ ka háídírójìn

Ọ̀nà méjì ló wà, ó sì yẹ kí ẹ ṣe méjèèjì. Èkíní ni kí ẹ wọn ìfúnpá háídírójìn nínú ẹ̀rọ tí ẹ mọ ìtóbi inú rẹ̀, kí ẹ fi ohun tó dín kù ṣírò ohun tó wọ inú mẹ́táàlì. Lanthanum 1 g tó ń di LaH₂ yóò gba nǹkan bí 161 cm³ háídírójìn ní 0 °C lábẹ́ ìfúnpá afẹ́fẹ́ kan; bí ó bá dé LaH₃, yóò gba nǹkan bí 242 cm³. Èkejì ni òṣùwọ̀n. Lanthanum 1 g kan náà yóò fi 14.5 mg wúwo sí i ní LaH₂, àti 21.8 mg ní LaH₃. Ẹ wo bí ó ti kéré tó: bí òṣùwọ̀n bá ṣì wí pẹ̀lú 1 mg péré, iye háídírójìn tí ẹ kọ sílẹ̀ yóò yẹ̀ pẹ̀lú nǹkan bí 0.14 fún lanthanum kan. Deuterium, tó wúwo tó ìlọ́po méjì háídírójìn, ń dín àṣìṣe yìí kù sí ìdajì.

Bí ìfúnpá bá sọ iye kan tí òṣùwọ̀n sì sọ iye tó ju bẹ́ẹ̀ lọ, ọ́ksíjìn ni kí ẹ kọ́kọ́ fura sí. Ìwúwo átọ́ọ̀mù ọ́ksíjìn kan tó ti háídírójìn mẹ́rìndínlógún.

Ìgbésẹ̀ karùn-ún: Ẹ fi ẹ̀ksíreè wá ìtò mẹ́táàlì

Ẹ pò lẹ́búlẹ́bú háídíráìdì mọ́ silicon díẹ̀, tí a rẹ̀ jẹ́ 5.431 Å, kí ẹ lè fi tún àṣìṣe ẹ̀rọ ṣe, kí ẹ sì dí i mọ́ inú ọpọ́n díńgí tó tinrin. Ẹ ronú lórí gígùn ìgbì kí ẹ tó tan ẹ̀rọ: ìtànṣán Cu Kα, ìyẹn ti bàbà (copper), tí agbára rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 8.05 keV, ń mú kí àwọn mẹ́táàlì láti lanthanum dé dysprosium máa tan ẹ̀ksíreè tiwọn padà, èyí tó ń gbé ìsàlẹ̀ àwòrán ga tí ó sì ń bo àwọn ṣóńṣó kéékèèké, ìyẹn igun tí ẹ̀ksíreè tó tú ká ti pọ̀ jù, mọ́lẹ̀. Yttrium àti lutetium kò ní ìṣòro yìí pẹ̀lú Cu. Fún àwọn yòókù, ẹ lo ìtànṣán molybdenum bí ó bá wà.

Ìgbékalẹ̀ fluorite rọrùn láti dá mọ̀. Bí ẹ bá ṣírò sin²θ fún àwọn ṣóńṣó rẹ̀ (θ ni ìdajì igun tí ṣóńṣó náà wà), wọ́n gbọ́dọ̀ tẹ̀ lé ìpín 3, 4, 8, 11, 12, 16. Pẹ̀lú Cu Kα₁, gígùn ìgbì 1.5406 Å, LaH₂ yóò fi ṣóńṣó 111 (nọ́ńbà mẹ́ta yìí ń tọ́ka ìpele átọ́ọ̀mù tó mú ṣóńṣó náà wá) hàn ní nǹkan bí 27.2°, 200 ní 31.5°, 220 ní 45.2°; ti YH₂ yóò wà ní nǹkan bí 29.7°, 34.4° àti 49.5°. Lẹ́yìn èyí, ẹ fi a tí ẹ rí wé ohun tí a mọ̀: CeH₂ jẹ́ nǹkan bí 5.58 Å, NdH₂ 5.47, GdH₂ 5.30, HoH₂ 5.17, LuH₂ 5.03, ScH₂ sì jẹ́ 4.78. Ẹ rí i bí ó ti ń dín kù bí a ti ń lọ láti lanthanum.

Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ ti máa ń kọsẹ̀, nítorí náà ẹ jẹ́ kí n dúró díẹ̀. Èrò tó wọ́pọ̀ ni pé bí háídírójìn bá pọ̀ sí i, sẹ́ẹ̀lì náà yóò tóbi sí i. Nínú ìdílé àkọ́kọ́, òdì kejì rẹ̀ ló ń ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn RH₂: a ti lanthanum ń dín kù láti nǹkan bí 5.67 Å ní LaH₂ sí nǹkan bí 5.60 Å ní LaH₃. Ẹni tó bá fi ìtóbi sẹ́ẹ̀lì nìkan díwọ̀n háídírójìn yóò kọ̀wé pé háídíráìdì rẹ̀ ń pàdánù háídírójìn nígbà tó ń kún.

Ìdẹkùn kejì ni ọ́ksáìdì. Ṣóńṣó tó lágbára jù lọ lára Y₂O₃ wà ní nǹkan bí 29.15°, èyí tí kò jìnnà sí 29.7° tí YH₂ fi ṣóńṣó rẹ̀ àkọ́kọ́ sí. Nínú àwòrán tí ṣóńṣó rẹ̀ gbòòrò, méjèèjì lè para pọ̀ di ọ̀kan.

Ìdẹkùn kẹta ni kí a gbà pé ìtò mẹ́táàlì ti sọ gbogbo ọ̀rọ̀ tán. Ní oṣù kẹta 2023, ìwé ìròyìn Nature gbé iṣẹ́ kan jáde tó sọ pé lutetium háídíráìdì tí a fi nitrogen díẹ̀ sí ń gbé iná mọ̀nàmọ́ná láìsí ìdíwọ́ kankan ní ìwọ̀n ooru inú ilé, lábẹ́ nǹkan bí 1 GPa, ìyẹn nǹkan bí ìlọ́po 10,000 ìfúnpá afẹ́fẹ́. Kúbù tí a rẹ̀ jẹ́ nǹkan bí 5.03 Å ni wọ́n fi hàn, èyí tí kò ṣeé yà sọ́tọ̀ kúrò lára LuH₂ tí a ti mọ̀ tipẹ́. Ẹ̀ksíreè kò sì lè sọ ibi tí háídírójìn tàbí nitrogen wà nínú rẹ̀. Àwọn mìíràn tún LuH₂ ṣe, wọ́n rí i pé òun náà ń yí àwọ̀ padà lábẹ́ ìfúnpá, àmọ́ kò gbé iná bí wọ́n ṣe sọ. Wọ́n fa iṣẹ́ náà sẹ́yìn ní oṣù kọkànlá ọdún kan náà.

Ní ti RH₃ onígun mẹ́fà, sẹ́ẹ̀lì ABAB kékeré ti tó láti fún gbogbo ṣóńṣó ẹ̀ksíreè ní orúkọ. Fún YH₃, a jẹ́ nǹkan bí 3.67 Å, c jẹ́ 6.66 Å. Ohun tó yẹ kí ẹ wò ni ìpín c/a: mẹ́táàlì yttrium fúnra rẹ̀ ní 1.57, ṣùgbọ́n YH₃ ní nǹkan bí 1.81. Ìyàtọ̀ yìí tóbi tó láti yà wọ́n sọ́tọ̀ bí iṣẹ́ yín tilẹ̀ kún fún àṣìṣe díẹ̀. Sẹ́ẹ̀lì √3 ńlá tí a sọ̀rọ̀ rẹ̀ níṣàájú kì í fẹ́rẹ̀ẹ́ hàn nínú ẹ̀ksíreè, nítorí háídírójìn ló dá a sílẹ̀ jù lọ.

Ìgbésẹ̀ kẹfà: Ẹ fi níútírọ́ọ̀nù wá háídírójìn

Níútírọ́ọ̀nù kì í wo ẹ̀lẹ́kítírọ́ọ̀nù, inú àárín átọ́ọ̀mù ni ó ti ń tú ká. Nítorí náà háídírójìn kò farapamọ́ fún un, àmọ́ ó ní wàhálà tirẹ̀: háídírójìn lásán ń tú níútírọ́ọ̀nù ká káàkiri láìní ètò, pẹ̀lú iye tó tó 80 barn (ẹyọ ìwọ̀n fún bí átọ́ọ̀mù ti ń tú níútírọ́ọ̀nù ká tó), èyí tó ń bo àwòrán mọ́lẹ̀, ti deuterium kò ju nǹkan bí 2 barn lọ. Ẹ lo deuterium. Agbára ìtúká tó létò jẹ́ −3.74 fm fún háídírójìn àti +6.67 fm fún deuterium. Ti lanthanum jẹ́ 8.24 fm. Deuterium wá tó mẹ́táàlì bá, kò sì sí èyí tó ń bo èkejì mọ́lẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká fi ìṣirò hàn. Fún ìgbékalẹ̀ kúbù yìí, bí nọ́ńbà mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ṣóńṣó kò bá ṣeé fi méjì pín, bíi 111, agbára rẹ̀ jẹ́ ti mẹ́táàlì, kí a yọ ti àlàfo aládùúgbò mẹ́fà kúrò. Bí àpapọ̀ wọn bá ṣeé fi mẹ́rin pín, bíi 220, a ó ro gbogbo rẹ̀ pọ̀. Bí gbogbo wọn bá ṣeé fi méjì pín ṣùgbọ́n tí àpapọ̀ wọn kò ṣeé fi mẹ́rin pín, bíi 200, a ó yọ ìlọ́po méjì ti àlàfo aládùúgbò mẹ́rin kúrò, a ó sì ro ti aládùúgbò mẹ́fà mọ́ ọn.

Fún LaD₂, èyí fún wa ní 8.24 fún 111, −5.10 fún 200, àti 21.58 fún 220. Fún LaD₃, ó di 1.57, 1.57 àti 28.25: ṣóńṣó méjì àkọ́kọ́ fẹ́rẹ̀ẹ́ parẹ́. Bí ó bá wá jẹ́ LaH₂ tó ní háídírójìn lásán, nọ́ńbà náà jẹ́ 8.24, 15.72 àti 0.76, ìyẹn ni pé 220, tó ga jù lọ nínú LaD₂, fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí mọ́. Nítorí pé agbára yìí tí a fi ara rẹ̀ sọ di púpọ̀ (agbára × agbára) ni à ń rí nínú àwòrán, ìyàtọ̀ wọn kò ṣeé ṣì mú. Bí ẹ bá rí 111 tó rẹlẹ̀ ju bí ó ti yẹ fún LaD₂ lọ, deuterium ti wọ àwọn àlàfo aládùúgbò mẹ́fà.

Ìkìlọ̀ kan kò ṣeé fò: ẹ wádìí bí deuterium yín ti mọ́ tó. Bí 10% rẹ̀ bá jẹ́ háídírójìn lásán, agbára ìtúká àpapọ̀ yóò já sí 5.63 fm, ìṣirò yín yóò sì sọ pé 16% àwọn àlàfo ṣófo nígbà tí gbogbo wọn kún. Ìkejì ni pé àwọn mẹ́táàlì kan ń gbé níútírọ́ọ̀nù mì: gadolinium ló burú jù, samarium àti europium tẹ̀ lé e, dysprosium náà kò gbẹ́yìn. Fún àwọn yìí, ẹ lo àsọ̀tọ̀ átọ́ọ̀mù wọn tí kì í gbé e mì, bíi ¹⁶⁰Gd tàbí ¹⁵⁴Sm, tó wọ́n gidigidi, tàbí kí ẹ lo gígùn ìgbì kúkúrú pẹ̀lú háídíráìdì tí a tẹ́ pẹlẹbẹ. Bí kò bá sí èyí nínú méjèèjì, ẹ kọ́kọ́ fi holmium, terbium tàbí yttrium ṣe iṣẹ́ náà, torí ìdílé kan náà ni wọ́n pẹ̀lú gadolinium, samarium àti dysprosium.

Ìgbésẹ̀ keje: Ẹ fi kọ̀ǹpútà bá àwòrán náà mu

Fún kúbù, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú Fm-3m: mẹ́táàlì ní 4a, deuterium ní 8c fún àlàfo aládùúgbò mẹ́rin, àti 4b fún aládùúgbò mẹ́fà (4a, 8c àti irú wọn jẹ́ orúkọ ibi tí átọ́ọ̀mù lè jókòó sí nínú sẹ́ẹ̀lì, nọ́ńbà iwájú sì ni iye ibi bẹ́ẹ̀). Ẹ kọ́kọ́ tún a àti ìrísí ṣóńṣó ṣe, kí ẹ tó fọwọ́ kan iye deuterium. Iye tó wà nínú àlàfo àti bí átọ́ọ̀mù ṣe ń gbọ̀n níbẹ̀ máa ń dí ara wọn lójú nínú ìṣirò, tí ọ̀kan bá lọ sókè èkejì á tẹ̀ lé e. Nítorí náà ẹ fi iye tí ẹ kà ní ìgbésẹ̀ kẹrin de àpapọ̀ 8c àti 4b mọ́lẹ̀, kí ẹ jẹ́ kí ìṣirò náà pín in láàárín méjèèjì. Ẹ má ṣe gbà láìyẹ̀ ẹ́ wò pé 8c kún pátápátá: kí RH₂ tó pé, díẹ̀ nínú háídírójìn lè ti wọ àlàfo aládùúgbò mẹ́fà.

Ẹ tún àwòrán náà yà nínú òtútù. Nínú àwọn háídíráìdì tó kọjá RH₂ díẹ̀, àwọn háídírójìn àlàfo aládùúgbò mẹ́fà máa ń tò ara wọn bí ó bá tutù, tí kúbù náà yóò fi gùn ní ìhà kan. Bí ìdá mẹ́rin àwọn àlàfo yìí bá kún, ìyẹn RH₂.₂₅, ìtò tó ń jáde máa ń jẹ́ I4/mmm. Ẹ mú un tutù díẹ̀díẹ̀. Bí ẹ bá sáré, háídírójìn kò ní ráyè tò, ẹ ó sì rò pé kò sí ìtò kankan níbẹ̀.

Fún RH₃ onígun mẹ́fà, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú P-3c1: mẹ́táàlì ní 6f, deuterium ní 12g, 4d àti 2a, èyí tí í ṣe 12 + 4 + 2 wa ti ìṣáájú. Ẹ mọ̀ pé fún YH₃, ìgbékalẹ̀ mìíràn tí àmì rẹ̀ jẹ́ P6₃cm tún fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣàlàyé àwòrán lẹ́búlẹ́bú kan náà dáadáa. Ó yẹ kí ẹ dán méjèèjì wò kí ẹ sì sọ bí wọ́n ṣe yàtọ̀.

Mẹ́táàlì tí háídírójìn inú rẹ̀ kéré náà kò ṣeé gbójú fò. Nínú scandium, yttrium, holmium, erbium, thulium àti lutetium, háídírójìn díẹ̀ lè wà nínú ìtò ABAB láìdá RH₂ sílẹ̀ bó ti wù kó tutù tó. Wọ́n ń jókòó ní méjì-méjì sínú àlàfo aládùúgbò mẹ́rin, ní òdìkejì mẹ́táàlì kan náà, lójú ọ̀nà c.

Ìgbésẹ̀ kẹjọ: Ẹ wá ẹlẹ́rìí mìíràn

RH₂ ń gbé iná bíi mẹ́táàlì, ó sì ní àwọ̀ tirẹ̀ tó ń dán. RH₃ kì í gbé e bẹ́ẹ̀. Ní 1996, ẹgbẹ́ kan ní Vrije Universiteit ní Amsterdam fi hàn pé fíìmù tẹ́ẹ́rẹ́ yttrium tàbí lanthanum ń yí padà láti díńgí tó ń dán sí ohun tí ìmọ́lẹ̀ ń gbà kọjá bí háídírójìn ṣe ń wọlé. Bí ohun tí ẹ pè ní YH₃ bá ṣì ń dán bíi mẹ́táàlì, ẹ padà sí ìgbésẹ̀ kẹrin.

Ìgbésẹ̀ kẹsàn-án: Bí ó bá jẹ́ lábẹ́ ìfúnpá gíga

Láàárín dáyámọ́ǹdì méjì, àwọn ìdílé tí a kà sílẹ̀ ń yí padà. YH₃ ń kúrò nínú onígun mẹ́fà di kúbù láàárín nǹkan bí 10 sí 20 GPa. Ní ìfúnpá tó ju 100 GPa lọ, háídírójìn lè pọ̀ ju mẹ́ta lọ jìnnà. Ìṣirò ti sọ tẹ́lẹ̀ ní 2017 pé LaH₁₀ lè wà. Wọ́n ṣe é ní 2018. Nígbà tó di 2019, àwọn onímọ̀ ní Max Planck Institute for Chemistry ní Mainz, Jámánì, jábọ̀ pé ó ń gbé iná láìsí ìdíwọ́ ní nǹkan bí 250 K (nǹkan bí −23 °C) lábẹ́ nǹkan bí 170 GPa. Lanthanum inú rẹ̀ wà ní ìtò ABCABC, Fm-3m, háídírójìn mẹ́jìlélọ́gbọ̀n sì yí ọ̀kọ̀ọ̀kan ká bí àgò. YH₆ gba Im-3m, YH₉ àti CeH₉ gba P6₃/mmc.

Níbẹ̀, ohun tó wà láàárín dáyámọ́ǹdì kéré jù fún òṣùwọ̀n, ó sì kéré jù fún ọ̀pọ̀ iṣẹ́ níútírọ́ọ̀nù, nítorí náà ìtóbi sẹ́ẹ̀lì nìkan ni ẹ fi máa ka háídírójìn. Fún LaH₁₀ ní 150 GPa, a jẹ́ nǹkan bí 5.1 Å, ìyẹn nǹkan bí 33 Å³ fún lanthanum kan. Ẹ yọ ìtóbi tí lanthanum nìkan ní lábẹ́ ìfúnpá kan náà kúrò, kí ẹ fi nǹkan bí 2 Å³ tí háídírójìn kọ̀ọ̀kan ń gbà níbẹ̀ pín ìyókù. Ẹ kọ àṣìṣe ìfúnpá yín sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ àbájáde náà: bí ìtóbi tí ẹ yọ kúrò bá yẹ̀ pẹ̀lú 1 Å³, iye háídírójìn fún lanthanum kan yóò yẹ̀ pẹ̀lú 0.5.